Wá Ìwé Méjì Tó Ń Bá Ara Wọn Jà: Bí A Ṣe Ń Kọ Àròkọ Ìtàn Amẹ́ríkà Tó Lẹ́rìí

Ọmọbìnrin kan ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi nílé ìkàwé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àròkọ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbà á." Gbólóhùn àkọ́kọ́ ibẹ̀ sọ pé ìyípadà púpọ̀ dé bá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Mo bi í pé ta ló máa bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó ronú títí. "Kò sí, mà." Mo ní, "Tí kò bá sẹ́ni tó máa jiyàn, kí lo wá fẹ́ fi ẹ̀rí ṣe?"

Ìtàn Amẹ́ríkà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún ní Amẹ́ríkà níhìn-ín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n rò pé kí á tún ìtàn sọ ni wọ́n ń pè ní àròkọ: kó dùn, kó gùn, kí ọ̀rọ̀ ńláńlá pọ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ ibí kò wá ìtàn lọ́wọ́ rẹ, ó ti mọ ìtàn náà kí wọ́n tó bí ẹ. Ẹjọ́ ló fẹ́ kí o wá rò. Kí lo sọ? Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ? Kí ló dé tí a ó fi gba ẹlẹ́rìí náà gbọ́?

Má wá àkòrí, wá ìjà

"Mo fẹ́ kọ nípa Ogun Àgbáyé Kìíní." Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí nǹkan méjì kò ti bá ara wọn mu ni kí o wá. Bí àpẹẹrẹ, lọ́dún 1916, àwọn èèyàn Ààrẹ Woodrow Wilson ń polongo kiri pé òun ni kò jẹ́ kí Amẹ́ríkà wọ ogun, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1917, Amẹ́ríkà ti kéde ogun lórí Jámánì. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún yẹn? Lọ́dún 1916 yẹn kan náà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin pé ọjà tí wọ́n bá fi ọmọdé ṣe kò gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 1918, ilé ẹjọ́ tó ga jù wọ́gi lé òfin náà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Kí ni àwọn márùn-ún rí tí àwọn mẹ́rin kò rí? Inú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni àròkọ máa ń fara pa mọ́ sí. Àwọn àgbà wa ti ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. N kò tíì rí òfin ìwé ìtàn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún ọmọ tí mo ń sọ yìí dá lórí Henry Ford, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford sílẹ̀. Ìtàn tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ni pé lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní 1914, Ford kéde pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ní Highland Park, lẹ́bàá Detroit, yóò máa gba dọ́là 5 lójúmọ́ fún iṣẹ́ wákàtí 8. Tẹ́lẹ̀, bíi dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 34 ni wọ́n ń gbà, wákàtí 9 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọ́n ní ó ṣe é kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rówó ra mọ́tò tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ó dùn létí. Ọmọ náà ti gbé e sí ìpínrọ̀ kejì bí ẹni tó ń ka kátíkísì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, mà."

"Gbogbo èèyàn kò lè wá jẹ́rìí. Dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo fún mi."

Ó dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an la ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí ẹ̀rí wà, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Library of Congress ní Washington ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Chronicling America, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. National Archives ní àkọsílẹ̀ ìjọba, fọ́tò, àti ìwé ìkànìyàn. Ọdún 72 ni wọ́n fi ń pa orúkọ inú ìkànìyàn mọ́, nítorí náà ti 1900, 1910 àti 1920 ti wà ní gbangba tipẹ́: ilé kan sí èkejì, orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti bí wọn. Tí yunifásítì rẹ bá fún ẹ láǹfààní láti wọ JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lò ó dáadáa, torí pé wọ́n lè ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ tí o bá jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́ ni àpótí ìwákiri. Wọ́n á kọ "World War I" sí i, wọ́n á wá sọ pé ìwé ìròyìn 1915 kò sọ nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Àwọn èèyàn 1915 kò mọ̀ pé èkejì ń bọ̀. "European War" ni wọ́n ń kọ. Bákan náà, tó o bá ń wá ìròyìn àwọn èèyàn dúdú nígbà yẹn, "Negro" àti "colored" lo máa tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tọ́ kí o fi ẹnu ara rẹ pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ayé ìgbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ayé ìgbà yẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ Ford, ọmọ náà ti tẹ "Ford raises wages", ohun tó rí kò tó nǹkan. Mo ní kó tẹ "Ford" pẹ̀lú "profit sharing". Ojú ìwé tú jáde. Ó rẹ́rìn-ín, mo ní kó dúró ná: kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ náà fi pè é ní ìpín nínú èrè, tí kò pè é ní owó iṣẹ́? Owó iṣẹ́, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni. Èrè, ẹni tó ni í ló ń yan ẹni tó máa fún. Fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tún ni pé ìdí ojú ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ kà tí mo bá mú ìwé onímọ̀ ìtàn lọ́wọ́. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ni àwòrán ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti rìn. Tó bá ní òun rí lẹ́tà kan níbì kan, lọ wá lẹ́tà náà, má tò sẹ́yìn ẹni tó kà á.

Ìwé mẹ́ta lórí tábìlì

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbé síwájú rẹ̀ ni lẹ́tà tí ìyàwó òṣìṣẹ́ kan kọ sí Henry Ford ní oṣù Kìíní 1914 yẹn gan-an. Kò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní ètò ẹ̀rọ tí Ford ní yẹn, amúnisìn ni. Ó ní ọkọ òun wọlé, ó da ara rẹ̀ nù sílẹ̀, kò lè jẹun alẹ́ nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ó wá ń bẹ Ford pé ṣé kò sí àtúnṣe ni. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yẹn ló wá sọ pé dọ́là 5 yẹn, ìbùkún ni, ìbùkún tó ju bí Ford ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un o.

Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Àǹtí, ó ń ráhùn." Ìgbà kejì, "Ó tún ń dúpẹ́." Ìgbà kẹta ló wá dákẹ́, ó ní, "Kí ló dé tí kò fọwọ́ sí i?" Mo ní ìwọ náà sọ ọ́. "Torí wọ́n lè lé ọkọ rẹ̀." Ó ti di onímọ̀ ìtàn nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: obìnrin yìí ń sunkún iṣẹ́, ó ń rí owó, kò sì fẹ́ kí owó náà bọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, ìgbà wo, kí ló ń wá? Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ọmọ máa ń gbàgbé: kí ni kò lè jẹ́rìí sí? Lẹ́tà yìí kò lè sọ fún wa pé gbogbo òṣìṣẹ́ Ford ló rẹ̀. Obìnrin kan ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó lè sọ pé lójú ilé kan, owó yẹn àti wàhálà yẹn, ọ̀kan náà ni.

Ìwé kejì, iye ni. Lọ́dún 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa egungun ìsàlẹ̀ mọ́tò, èyí táwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣaasí, kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́, tí kálukú ń dúró sójú kan tó ń ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan. Ohun tó ń gba ju wákàtí 12 lọ tẹ́lẹ̀ di ìṣẹ́jú 93 nígbà tó di 1914. Lọ́dún 1913 yẹn, kí Ford tó lè ní bí òṣìṣẹ́ 14,000 lẹ́nu iṣẹ́, ó gba èèyàn tó ju 50,000 lọ. Rò ó wò. Ìyẹn ni pé wọ́n ń gba ibi kan wọlé, wọ́n ń gba ibòmíràn jáde. Iye lásán kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó o bi í pé, kí ló ń lé wọn?

Ẹ̀kẹta, Ford fúnra rẹ̀. Nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lórúkọ rẹ̀ lọ́dún 1922, ó ní sísan dọ́là 5 fún iṣẹ́ wákàtí 8 wà lára ohun tó dára jù lọ tí àwọn ṣe láti dín ìnáwó kù. Dín ìnáwó kù! Ẹni tí gbogbo ayé ń sọ pé àánú ló ṣe, òun ló ń sọ pé ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n má tíì jó. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá nígbà yẹn, Ford ti di gbajúgbajà, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Samuel Crowther ló sì bá a kọ ìwé náà. Ẹni tó ń rántí nǹkan lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ máa ń rántí ara rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Lò ó, ṣùgbọ́n sọ ìgbà tó sọ ọ́.

Kí ló wá dé bá ìtàn pé ó fẹ́ kí wọ́n ra mọ́tò? A mú ẹ̀rọ ìṣirò. Mọ́tò tí Ford ṣe lọ́dún 1914 ju 200,000 lọ. Tí gbogbo òṣìṣẹ́ 14,000 bá ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà, kò ní tó méje nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oníṣòwò tó máa sọ owó iṣẹ́ di ìlọ́po méjì torí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo ojú mi, ó fi ìka tẹ ìpínrọ̀ kejì, ó pa á rẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi tó ìró bọ́tìnì yẹn.

Fọ́tò àti ìròyìn àárọ̀ kejì

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni. Láti 1908 ni Lewis Hine ti ń ya fọ́tò àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ nílé òwú àti nínú ibi ìwakùsà fún National Child Labor Committee, ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n má fi ọmọdé ṣiṣẹ́ mọ́. Ó máa ń fi bọ́tìnì aṣọ ara rẹ̀ wọn gíga ọmọ, ó sì ń kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára ni. Síbẹ̀, alágbàwí ló rán an níṣẹ́, òfin ni wọ́n ń wá. Èyí kò sọ fọ́tò náà di irọ́, ó kàn ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan ló yan ibi tó dúró sí àti ọmọ tó gbé síwájú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Triangle tí wọ́n ti ń rán bùláòsì jóná ní New York, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta 1911, àkọlé ìwé ìròyìn pàtàkì kan lọ́jọ́ kejì ní èèyàn 141 ló kú. Iye tí wọ́n wá fẹnu kò sí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni 146. Ìwé ìròyìn yẹn kò purọ́, ó kàn kọ ohun tó mọ̀ lóru ọjọ́ náà ni. Tó o bá ń wá iye, lo àkọsílẹ̀ tó dé kẹ́yìn. Tó o bá ń wá ohun tí ará New York gbọ́ kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, ti ọjọ́ kejì lo máa lò.

Sọ ọ́ ní Yorùbá ná

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ àròkọ náà, ṣùgbọ́n mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kókó rẹ̀ níwájú mi. Gẹ̀ẹ́sì àwọn yunifásítì yìí ní aṣọ tó lè bo ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Ká ní màmá ẹ ló pè ẹ́ lórí fóònù, tó ní kí lò ń kọ, kí lo máa sọ fún un?"

Àkọ́kọ́, ó ní: "Ford dáa, ó sì tún burú." Mo ní ìyẹn kò ju ohun tí a lè sọ nípa ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni.

Ó tún gbìyànjú: "Ó fi owó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ."

Áà! Ó ti dé. Mo ní ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ èèyàn kì í fi òfin kún ẹ̀bẹ̀. Ìgbà yìí la padà sórí ọ̀rọ̀ ìpín èrè. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba dọ́là 5. Ó gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 22 tí kò ní ẹni tó ń bọ́ kò sí nínú rẹ̀. Wọn kò ka àwọn obìnrin mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, Sociological Department, tí àwọn aṣojú rẹ̀ ń lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wò bóyá ó mọ́, bóyá onílé ń mutí, bóyá ó ń fowó pamọ́, bóyá ó gba ayálégbé sínú yàrá. Ẹni tí wọn kò tẹ́ lọ́rùn kò ní rí ìpín yẹn gbà. Gbólóhùn tó wá jáde, tí a wá jọ gbé lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, rèé: bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ford pe dọ́là 5 ní ìpín èrè, iye òṣìṣẹ́ tó ń sá kúrò lọ́dún 1913 àti àwọn àdéhùn tó fi de owó náà fi hàn pé ó fẹ́ kí wọ́n dúró, kó sì máa darí wọn níbi iṣẹ́ àti nínú ilé.

Wo bó ṣe rí. Ẹnìkan lè jiyàn. Ó ti dárúkọ ẹlẹ́rìí. Ó tilẹ̀ ti pín ìpínrọ̀ fún ẹ: ọ̀kan fún sísá, ọ̀kan fún àdéhùn, ọ̀kan fún ẹni tó máa ní "ṣùgbọ́n ìbùkún ni o", torí obìnrin inú lẹ́tà yẹn sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gé apá tó dùn mọ́ wa nìkan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpínrọ̀ tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ kejì yìí ni mo fi ń mọ àròkọ tó máa gba máàkì gidi.

Nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, má sọ ẹ̀rí lulẹ̀ bí òkò kó o sì máa lọ. Fi ẹlẹ́rìí hàn wá, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ní ṣókí, lẹ́yìn náà kí ìwọ wá sọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. Báyìí: "Ìyàwó òṣìṣẹ́ kan, nínú lẹ́tà tí kò fọwọ́ sí, pe owó náà ní ìbùkún nínú lẹ́tà kan náà tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ètò iṣẹ́ náà ṣe. Àìfọwọ́sí rẹ̀ fi hàn pé owó náà ti ní agbára láti pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́." Gbólóhùn kejì yẹn ni tìrẹ. Òun ni wọ́n ń fún ẹ ní máàkì lé lórí.

Ohun tó ṣe mí rí

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì, mo fi ọ̀rọ̀ ìwúrí kan tí wọ́n ní Ford sọ bẹ̀rẹ̀ àròkọ mi. Orí kàlẹ́ńdà ni mo ti rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi fi bíírò pupa yí i ká, ó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Where?" Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, mi ò rí i dòní. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò nílò kàlẹ́ńdà mọ́, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè wà lórí fóònù wọn tó lè ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu òkú jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Tí o kò bá fojú ara rẹ rí ojú ìwé náà, má kọ ọ́.

Nítorí náà, bí o bá ti ń kà ni kí o máa kọ ibi tó ti wá: ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú ewé, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀nà Chicago ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìtàn ń lò fún àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Bi olùkọ́ rẹ. Èyí kò gba ọgbọ́n, sùúrù ló gbà.

Fún àwọn tó ń múra ìdánwò AP, ìyẹn ìdánwò ìpele yunifásítì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń ṣe níbí, ètò kan náà ni, àkókò ló kéré. Nínú àròkọ tó dá lórí ìwé ẹ̀rí, ìwé méje ni wọ́n máa kó fún ẹ, wákàtí kan lo ní, wọ́n sì ní kó o fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ kàwé. Fi ìṣẹ́jú yẹn pín ìwé méje náà sí agbo méjì tó ń bá ara wọn jà, kí o tó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀.

Ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ti rí i nínú ìwé ìròyìn pé lẹ́yìn ìkéde yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń wáṣẹ́ dúró lẹ́nu géètì Ford nínú òtútù oṣù Kìíní, tí wọ́n sì fi omi túbù panápaná lé wọn. "Àǹtí, ẹ ò ri pé ó burú! Mo máa fi í bẹ̀rẹ̀." Mo bi í pé kí ni omi yẹn jẹ́rìí sí nínú gbólóhùn rẹ. Ó ka gbólóhùn náà jáde lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí omi bá kò tíì jẹ́ òṣìṣẹ́ Ford. Ó mí kanlẹ̀, ó gé e kúrò lókè, ó sì lọ fi í sí ìpínrọ̀ kẹta, níbi tí ẹlẹ́jọ́ kejì ti ń sọ pé ìbùkún ni.